Àbúrò Tí Ẹgbẹ́ Yàn Fún Mi

"O jókòó, Simbiat. O jókòó sórí àga bí ìyá ọba, ọmọ ọlọ́mọ wà lórí orúnkún níwájú ẹ, o tún wá gbé ọwọ́ lé e lórí. Kí lo fẹ́ kí n sọ fún wọn?"

Ohùn Démi ròkè débi pé àwọn tó ń jẹun nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn dáwọ́ oúnjẹ dúró, wọ́n ń wò wá. Démi ni ààrẹ ẹ̀ka wa nínú ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin kọ́lẹ́ẹ̀jì, irú èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní sorority, tí wọ́n fi lẹ́tà Gíríìkì mẹ́ta ṣe orúkọ, tí a sì ń gbé lẹ́tà náà kọ́ àyà bí oyè. Co-op City ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ní Bronx. Yorùbá kì í jáde lẹ́nu rẹ̀ àfi tí inú bá ń bí i, torí pé ìgbà tí inú bá ń bí ìyá rẹ̀ nìkan lòun náà máa ń gbọ́ ọ nílé. Lọ́jọ́ yẹn, ó sọ ọ́ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dán.

"Sọ fún wọn pé mò ń kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà," mo ní. "Ṣé ìyẹn náà ti di ọ̀ràn?"

"Níbí, ọ̀ràn ni. Ọmọ ẹgbẹ́ tuntun kì í kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n ẹgbẹ́. Ìfìyàjẹni ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ti ti ẹ̀ka pa nítorí ohun tí ò tó ìyẹn."

"Ta ló fìyà jẹ ta? Ẹ̀rín ló ń pa ọmọ náà kú."

"Fídíò yín tí wọ́n fi síta yẹn ò lóhùn. Ta ló máa gbọ́ ẹ̀rín?"

"Ìwọ mọ̀ mí, Démi. Wò mí lójú kó o sọ pé mo fìyà jẹ Ìníọlá."

Kò wò mí. Ó ń fi èékánná họ lẹ́tà ara jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀. "Ohun tí mo mọ̀ kọ́ ni wọ́n máa bi mí," ó ní, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Gbọ́. Àwọn olú-ẹgbẹ́ tó ń darí gbogbo ẹ̀ka ti sọ ọ́ kó yé wa. Tó bá jẹ́ ìwọ lo dá a ṣe, ìwọ nìkan lo máa lọ. Tó bá jẹ́ pé ọmọ yẹn ló ní kó o kọ́ òun, pé bá a ṣe ń ṣe láàárín ara wa nìyẹn, wọ́n á ní àṣà ẹ̀ka ni, wọ́n á sì tì wá pa. Gbogbo wa."

"Ọmọ yẹn ló ní kí n kọ́ òun."

"Mo mọ̀."

"O wá fẹ́ kí n purọ́ mọ́ ara mi."

"Mo fẹ́ kó o dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé ẹ."

Kí n dákẹ́. Èmi, tí ìyá mi ní agbẹ̀bí ò tíì gbá mi nídìí tán tí mo ti ń bá a jà.

"Ìníọlá máa sọ bó ṣe rí," mo ní. "Ẹ bi í." Mo sọ̀kalẹ̀ lọ láàárín àwọn tó ń jẹun, mo gbé orí sókè bí ẹni pé ẹ̀rù ò bà mí. Ẹ̀rù ò kúkú bà mí. Nǹkan mìíràn ló ń ṣe mí, ó sì ti ń ṣe mí tipẹ́.

Oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá ni mo wọ ẹgbẹ́ náà. Ẹ má bi mí pé kí ni àgbàlagbà tó ti ń sún mọ́ ọgbọ̀n ọdún ń wá láàárín ọmọdé. Mò ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn lópin ọ̀sẹ̀, mò ń sun yàrá kan nílé àbúrò bàbá mi ní Mariners Harbor, ní òdìkejì omi sí Manhattan tí kọ́lẹ́ẹ̀jì wà, ẹ̀yìn tí àwọn ojúgbà mi ti kàwé tán ni mo tó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Lọ́jọ́ tí gbogbo ẹgbẹ́ tẹ́ tábìlì síta láti gba ọmọ tuntun, ìwé ni mo fẹ́ lọ yá ní tèmi. Mo wá rí ọmọbìnrin méjì lórí koríko. Ọ̀kan jókòó sáàárín ẹsẹ̀ èkejì, èkejì ń di irun fún un, wọ́n ń jà lórí bóyá ó ti fún jù. Ìjà yẹn ló dá mi dúró. Ìjà àwọn tó mọ̀ pé àwọn ò ní kúrò lọ́dọ̀ ara wọn ni.

Mo ní àbúrò kan, Doyin. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí mo fi í sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Èmi ni mo ń di irun rẹ̀, èmi ni mo ń bá a lọ bá tíṣà jà, ẹ̀yìn mi ló ń sá sí tí àrá bá sán. Ìwé tí mò ń retí lọ́wọ́ ìjọba ilẹ̀ yìí ò tíì jáde. Tí mo bá lọ sílé, mi ò ní rí ọ̀nà padà wọlé. Doyin bá dàgbà láìsí mi. Ó lọ́kọ. Orí fóònù ni mo ti wo ìgbéyàwó náà, nínú balùwẹ̀ màmá àgbà tí mò ń tọ́jú, mo fi ọwọ́ kan di fóònù mú, mò ń fi èkejì nu ojú. Ó ti bímọ báyìí. Tí mo bá pè é, ara rẹ̀ le, ọkọ rẹ̀ ń kí mi, ọmọ ń sunkún, ó dàbọ̀. Kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi mọ́. Àbúrò tí kì í béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹni, ojúlùmọ̀ ni.

Mo yà kúrò lọ́nà ibi tí wọ́n ti ń yá ìwé, mo lọ bá àwọn orí koríko yẹn, mo ní kí wọ́n kọ orúkọ mi sílẹ̀.

Àṣà tiwọn ni pé ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ni ẹ̀gbọ́n. Ọjọ́ orí ò sí nínú ẹ̀. Wọ́n á yan ẹ̀gbọ́n ẹgbẹ́ kan fún ọmọ tuntun kọ̀ọ̀kan, wọ́n á di ọmọ tuntun lójú, wọ́n á yí i po, wọ́n á ní kó wẹ̀yìn wo ẹni tó ni ín. Nígbà tí wọ́n tú aṣọ lójú mi, Démi ni mo rí, ọmọ tí mo lè pọ̀n. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi, ó ń sunkún ayọ̀. Mò ń rò ó pé tí ìyá mi bá gbọ́ pé mo pe ọmọ ogún ọdún ní ẹ̀gbọ́n, á ní wọ́n ti fi nǹkan sínú omi New York. Ṣùgbọ́n mo dì mọ́ ọn. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti dì mọ́ mi láìjẹ́ pé mò ń gbé e kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ọjọ́ yẹn náà ni mo rí Sharon, àgbà ẹgbẹ́ tí wọ́n yàn láti máa mójú tó ẹ̀ka wa. Irun rẹ̀ ti funfun, ojú rẹ̀ tutù. Mo pè é ní Àǹtí Sharon. Ó ní òun kì í ṣe àǹtí mi, Sharon lòun ń jẹ́. Mo gbìyànjú, orúkọ náà há mi lọ́fun bí egungun ẹja. Láti ìgbà náà, mi ò pè é ní nǹkan kan mọ́. Tí mo bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, mo máa ń lọ dúró síwájú rẹ̀ títí á fi rí mi.

Nígbà tí òtútù dé, abẹ́ ilé la ti ń kọ́ ijó ẹgbẹ́, èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, tí wọ́n á fi àtẹ́wọ́ dá ẹsẹ̀ lóhùn. Démi ra ìbọ̀wọ́ fún mi lọ́jọ́ tí òjò dídì kọ́kọ́ rọ̀, ó ní tèmi dà bí ìbọ̀sẹ̀ ológbò. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọmọ náà, ó ṣe dáadáa sí mi. Tí mo bá ní ibà, òun ló ń pè mí. Tí mo bá pẹ́, ó gba àga sílẹ̀ dè mí. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń tọ́jú ni mo jẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, èmi kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ ẹ. Àkọ́bí ni mí. Ọwọ́ mi tó ṣófo ń yún mi.

Nígbà Kérésìmesì, gbogbo wọn lọ sílé òbí wọn. Mo wọ ọkọ̀ ojú omi ní St. George lọ sí Manhattan, ọ̀fẹ́ kúkú ni. Mo bá èrò sọ̀kalẹ̀ lọ́hùn-ún, mo tún bá èrò mìíràn gòkè padà. Mò ń lọ, mò ń bọ̀, títí olùṣọ́ kan fi bi mí bóyá mo sọ nǹkan nù. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní àwọ̀ wo ni. Mo ní kó má ṣèyọnu.

Oṣù kẹta ni wọ́n di Ìníọlá lójú, tí wọ́n yí i po, tí wọ́n tú u, tí ó wẹ̀yìn rí mi.

Kò tíì pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Eyín iwájú rẹ̀ ní àlàfo, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ará Iléṣà ni bàbá rẹ̀, Adédàpọ̀. Ìtòsí èbúté St. George ni wọ́n ń gbé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá a lórí ọkọ̀ ojú omi, ó ti gbé báàgì sórí àyè ẹ̀gbẹ́ fèrèsé dè mí. Báyìí la ṣe ń lọ pọ̀ lójoojúmọ́.

"Àǹtí Simbi, kí ló dé tí dádì mi máa ń ní 'ẹ kú ìjókòó' fún ẹni tó kàn jókòó?"

"Torí pé iṣẹ́ ni ìjókòó."

"Ní Amẹ́ríkà ńkọ́?"

"Ní Amẹ́ríkà, wọ́n á tún yọ owó orí nínú ẹ̀."

Á rẹ́rìn-ín títí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa á fi lajú. Ó ń béèrè. Ẹ gbọ́, ó ń béèrè. Ṣé kí òun gé irun? Ṣé kí òun dá ọmọkùnrin kan lóhùn tó ń fi àwòrán ajá rẹ̀ ránṣẹ́ sí òun? Báwo ni wọ́n ṣe ń se ìrẹsì tí kì í fi í di ẹ̀kọ? Tó bá béèrè tán, á gbórí lé mi léjìká, á sùn kí ọkọ̀ tó kọjá ère obìnrin tó gbé iná dání. Èjìká mi á kú. Mi ò ní mira.

Ìyá bàbá rẹ̀ ń bọ̀ láti Iléṣà fún ọdún Àjíǹde. Wọn ò rí ara wọn rí àfi lórí fóònù, níbi tí ọmọ á ti ní "Hi, Grandma," tí màmá á sì ní kí wọ́n fún òun ní Adédàpọ̀ padà.

"Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọmọ wọn ni mí," Ìníọlá sọ fún mi lórí omi. "Ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀."

"Wọn kì í kọ́ ènìyàn ní ìkúnlẹ̀, wọ́n máa ń bá a lára rẹ̀ ni."

"Wọn ò bá a lára tèmi. Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí Simbi. Mo bẹ̀ yín."

Ṣé mo tún fẹ́ gbọ́ ju ìyẹn lọ?

Yàrá ẹgbẹ́ la lò lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èyí tí gíláàsì jẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo kọ́kọ́ ní kó ṣe é kí n wò. Ó fi orúnkún kan kanlẹ̀.

"Ọkùnrin Amẹ́ríkà tó ń wá ìyàwó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀," mo ní. "Méjèèjì."

Ó fi méjèèjì lélẹ̀, ó wá jókòó lé gìgísẹ̀.

"Ìyẹn, àárẹ̀ ló mú ẹ. Dìde. Ojú nílẹ̀. Ohùn kó jáde, kì í ṣe olè lo jà."

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà."

Mo fa àga kan, mo jókòó, mo ká ẹnu wọnú bí ẹni tí ò léyín mọ́. "Ta nìyẹn? Ṣé ọmọ Adédàpọ̀ ni, àbí ẹni tó wá ka mítà iná?"

Ẹ̀rín gbé e ṣubú. Ó dìde, ó tún kúnlẹ̀. Mo ní ṣé oúnjẹ wà nílé tí wọ́n bí i sí. Ó tún ṣubú. Báyìí la ṣe é títí orúnkún rẹ̀ fi pọ́n, tí òun fúnra rẹ̀ ń ní, "Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe, ó kù díẹ̀." Nígbà tó wá ṣe èyí tó kẹ́yìn, ó lọ geere. Orúnkún wálẹ̀ pọ̀, orí tẹ̀, ohùn jáde rọ̀ǹ. Kò rẹ́rìn-ín. Èmi náà ò ká ẹnu wọnú mọ́.

N ò mọ ìgbà tí ọwọ́ mi gùn ún lórí. Mo gbọ́ ohùn ara mi, ó ń ní wàá dàgbà, wàá gbó, ẹsẹ̀ ẹ ò ní ṣìnà, ilé tó o bá wọ̀ á gbà ẹ́. Ó ń ṣe àmín. Kì í ṣe pé mo ṣì í mú fún Doyin, orí mi pé. Mo mọ orí ẹni tí mo fọwọ́ kàn. Ìyẹn gan-an ló mú kí n pẹ́ níbẹ̀.

Màmá dé. Ní ọjọ́ Tuesday tó tẹ̀lé ọdún, Ìníọlá ò jẹ́ kí n tíì jókòó nínú ọkọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀.

"Wọ́n sunkún, Àǹtí Simbi. Wọ́n di etí mi méjèèjì mú, wọ́n ń ki mí, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n ní ta ló kọ́ mi. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ni."

Mo yíjú sí omi, mo ní atẹ́gùn ń fẹ́ sí mi lójú. Inú ọkọ̀ la wà, wọ́n ti ti fèrèsé pa.

Kò tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà ni fídíò yẹn jáde. Ẹnì kan tí kì í ṣe ara wa ló kọjá lẹ́yìn gíláàsì lọ́jọ́ ẹ̀kọ́ wa, tó gbé fóònù. Jákẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ wà lọ́rùn mi, mo jókòó gbalaja, ọmọ wà nílẹ̀, ọwọ́ mi wà lórí rẹ̀. Kò sí ohùn, kò sí ẹ̀rín, kò sí màmá Iléṣà. Gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì ti rí i kí èmi tó rí i. Olú-ẹgbẹ́ pe Sharon, Sharon pe Démi, Démi pè mí sórí àtẹ̀gùn. Ìjà tí mo kọ́kọ́ sọ nìyẹn.

Láti ọjọ́ ìjà náà, mi ò rí Ìníọlá nínú ọkọ̀ mọ́. Mo gbé báàgì sórí àyè ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, bàbá kan tó ń jẹ búrẹ́dì ló ní ṣé kí òun jókòó. Mo fi ìkíni ránṣẹ́, ó kà á, kò fèsì. Mo wá lọ dúró ní èbúté láàárọ̀ kùtùkùtù títí ó fi dé. Ó rí mi, ó fẹ́ yà, kò ríbi yà sí.

"Ṣé gbèsè ni mo wá gbà?" mo ní.

"Rárá o. Ẹ káàárọ̀, Àǹtí Simbi."

"Kí lo máa sọ fún wọn níbi ìgbẹ́jọ́ lọ́jọ́ Sátidé?"

Ó ń wo bàtà rẹ̀. "Démi ní tí wọ́n bá ti ẹ̀ka wa pa, a ò ní jẹ́ nǹkan kan sí ara wa mọ́. Mi ò ní ọ̀rẹ́ kankan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn tẹ́lẹ̀. Àwọn yẹn nìkan ni ọ̀rẹ́ tí mo ní."

"Èmi ńkọ́?"

"Ẹ̀yin kì í ṣe ọ̀rẹ́ mi." Ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ kún fún omi. "Ẹ̀gbọ́n mi lẹ jẹ́."

Wọ́n ṣílẹ̀kùn, èrò gbá a lọ síwájú, mo pàdánù rẹ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn tó mi. Mo gbé e lọ síbi iṣẹ́, mo gbé e bọ̀ wálé, mo gbé e sùn bí ẹní gbé ọmọ sùn.

Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé, oòrùn ń ràn. Lójú fèrèsé, àwọn tó fẹ́ gboyè ń ya fọ́tò nínú aṣọ gígùn, àwọn ìyá wọn ń tún fìlà ṣe fún wọn. Gbogbo ẹ̀ka wa jókòó yí tábìlì ká. Sharon wà níbi orí tábìlì. Démi wà lápá ọ̀tún rẹ̀, Ìníọlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Démi. Èmi nìkan ló wà lódìkejì.

"Simbiat, ṣé ìwọ lo wà nínú fídíò yìí?" Sharon bi mí.

"Èmi ni. Ẹ̀gbẹ́ tí mi ò ti rẹwà ni wọ́n ti yà mí."

Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, Démi wò ó, ó gbé e mì.

"Kì í ṣe ẹ̀fẹ̀," Sharon ní.

"Mo mọ̀. Ẹ dì mí lójú nínú ilé yìí, ẹ yí mi po bí okòtó, ẹ ní ọmọ ogún ọdún ni ẹ̀gbọ́n mi. Mo gbà. Mo jẹ àṣà yín láìbéèrè iyọ̀. Bíńtín tèmi tí mo gbé wá, ẹ ní ìyà ni. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó bá kúnlẹ̀ fúnni, a ti jẹ ọmọ náà ní gbèsè nìyẹn. Ebi ò gbọ́dọ̀ pa á kí a má mọ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ nà án kí a dákẹ́. Tẹ́ ẹ bá ní kí n lọ nítorí pé mo súre fún ọmọ, màá lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé mo fìyà jẹ ẹ́. Mi ò ní gbé ìyẹn kúrò níbí."

Sharon gbójú sókè wò mí. Ojú rẹ̀ ò le. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rí bí mo ṣe sọ ọ́. "Mo gbọ́ ẹ," ó ní. "Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n rán mi wá bi. Ta ló ní kó ṣẹlẹ̀, ìwọ ni àbí òun?"

"Òun ló bẹ̀ mí. Òun nìyẹn, ẹ bi í."

Mo wo Ìníọlá, mo rẹ́rìn-ín sí i, mo fi orí sọ fún un pé kó má fòyà, kó sọ ọ́ bó ṣe rí, ohun yòówù tó bá ti ibẹ̀ jáde, èmi á bá a gbé e. Démi ò wo ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn ọmọ náà, ó ń fi rọra pa á lára.

"Ìníọlá," Sharon ní jẹ́jẹ́, "kò sí ẹni tó máa bínú sí ẹ nínú yàrá yìí. Ṣé ìwọ lo bẹ Simbiat pé kó kọ́ ẹ?"

Ìníọlá wò mí. Ó wò mí dáadáa, kò sáré gbé ojú kúrò.

"Rárá," ó ní.